Àyà mi máa ń já kí n tó wọ wọ́ọ̀dù: ẹ̀yin nọ́ọ̀sì Ifẹ̀ àti Iléṣà, ọgbọ́n wo lẹ ń dá sí i?

omo_lagere · Ìṣẹ́gun, 8:41 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún kejì, Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ìwé kọ́ ni ìṣòro mi, ìwé ń yé mi. Wọ́ọ̀dù ni. Bí ó bá ti ku ọ̀la kí n lọ, oorun ti dá lójú mi nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àyà mi á máa lù kì-kì-kì, àtẹ́lẹwọ́ mi á tutù, á sì máa làágùn, inú á máa dà rú, n ó máa sáré lọ sí ilé ìtura léraléra. Bí olùdánwò bá ti dúró tì mí báyìí, gbogbo ohun tí mo mọ̀ á fò lọ. Wọ́n ní kí n sọ iye oògùn tí màá fà fún ọmọdé kan, ìṣirò tí mo ti ṣe lálẹ́ tí kò sì ṣòro, mo kàn ń wo bébà ni. Níwájú ìyá ọmọ náà ni wọ́n ti sọ fún mi pé n óò pa èèyàn lọ́jọ́ kan.

Nǹkan kejì: bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń pè mí ní "ìyàwó mi" kú lóru lójú wa. Èmi àti nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ la tọ́jú òkú wọn. Bí a ṣe ṣe tán, wọ́n ní kí n lọ wo bẹ́ẹ̀dì kejì. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣe mí bíi pé nǹkan ń rìn nínú orí mi.

Màmá mi ní ọwọ́ ayé ni, pé ká lọ sí orí òkè. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa mu kọfí kí n sì máa jẹ obì, kí n lè kàwé mọ́jú, pé ẹni tó bá mọ̀wé kì í bẹ̀rù. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní bí n kò bá lè fara dà á, kí n lọ kọ́ nǹkan mìíràn. N kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé "má ronú mọ́" o, ó ti sú mi. Kí ni ẹ̀yin ń ṣe?

iya_ibeji_ilesa · Ìṣẹ́gun, 9:03 alẹ́

Ọmọ mi, kú ìforítì. Nọ́ọ̀sì ni mí, ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ni mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yẹn bà wá náà. Láyé tiwa, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń dán wa wò kí a tó dé fìlà. Ẹni tó bá já nínú ìdánwò náà, ilé ló ń lọ, kò sí àlàyé. Ohun tó gbà wá ni ọwọ́ wa. Ọsàn la fi ń kọ́ bí a ṣe ń gún abẹ́rẹ́. A ó to àwo tí a fi ń wẹ egbò, a ó tú u, a ó tún tò ó, títí ọwọ́ á fi mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà. Bí orí bá wá dà rú níwájú olùdánwò, ọwọ́ á ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ ń ka ìwé nínú fóònù ju bí ẹ ṣe ń fọwọ́ kan nǹkan lọ. Bẹ àwọn olùkọ́ yín kí wọ́n máa ṣí yàrá tí ẹ ti ń kọ́ṣẹ́ fún yín ní ìrọ̀lẹ́.

Kí o sì máa gbàdúrà. Ní ti èébú, gbàgbé rẹ̀. Wọ́n bú wa jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ò kú.

parakin_boy · Ìṣẹ́gun, 9:20 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, mà. Ọ̀rọ̀ yín nípa ọwọ́, mo gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n "wọ́n bú wa, a ò kú" yẹn, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ kúrò. Ẹni tí wọ́n bá bú níwájú aláìsàn kì í béèrè ìbéèrè mọ́. Ẹni tí kò bá sì béèrè ló máa ń ṣi oògùn fún èèyàn.

BNSc, ìwé oyè nọ́ọ̀sì ní yunifásítì, ni mo ń ṣe lórí ọgbà OAU, ọdún kẹrin. Kíláàsì, wọ́ọ̀dù, iṣẹ́ àṣetiléwá, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àbùjá tèmi ni propranolol. Bí mo bá ti mu ún kí n tó wọ ìdánwò ojúkojú, àyà ò ní já, ọwọ́ ò ní gbọ̀n. Kò wọ́n. Gbìyànjú ẹ̀ wò.

noosi_opolo · Ìṣẹ́gun, 10:12 alẹ́

@parakin_boy, àbúrò, jọ̀wọ́ má pín oògùn kiri. Òótọ́ ni pé propranolol máa ń dá ìlù àyà lẹ́kun. Ó sì lè fún ọ̀nà èémí mọ́ ẹni tó ní ásímà títí yóò fi di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Ó tún ń fa bí-pí wálẹ̀. Ṣé o béèrè bóyá ọmọ yìí ní ásímà? Kí ẹlòmíràn tó sì wá dárúkọ Lexotan, oògùn amárabalẹ̀: ó ń mú oorun kunni, ó ń mú kí èèyàn máa gbàgbé nǹkan, ara sì máa ń mọ́ ọn débi pé fífi í sílẹ̀ á di ogun. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ rántí ìṣirò fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Nọ́ọ̀sì ọpọlọ ni mí, ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. omo_lagere, ohun tó ń ṣe ọ́ láàárọ̀ yẹn, adrenaline ni. Bí ẹ̀rù bá bani, ara á tú u sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á sáré, òógùn á bo ara, ẹ̀jẹ̀ á kúrò níbi oúnjẹ lọ sínú iṣan. Ìdí nìyẹn tí inú rẹ fi ń dà rú. Díẹ̀ lára rẹ̀ dára, òun ló ń jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ka orúkọ tó wà lára ìgò oògùn lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá pọ̀ jù ni ìrántí ń sá.

Mo rí i pé gbogbo ènìyàn ń mú ìmọ̀ràn tirẹ̀ wá, ẹnì kan ní kó kọ́ ọwọ́, ẹnì kan ní kó gbàdúrà, ẹnì kan ní kó lo oògùn. Lazarus àti Folkman ṣàlàyé ní 1984 pé ọ̀nà tí èèyàn ń gbà kojú ìnira pín sí méjì gbòógì: kí o dojú kọ ohun tó ń fà á, tàbí kí o tọ́jú ọkàn tí ìnira náà ti gbọgbẹ́. Méjèèjì ló níṣẹ́. Ibi tí a ti ń ṣìnà ni pé a máa ń fi èyí ṣe iṣẹ́ ìyẹn. Ìṣirò oògùn, o lè yí i padà. Bírò àti bébà ló ń fẹ́, kì í ṣe òkè àdúrà. Ikú bàbá yẹn, o ò lè yí i padà. Bí o bá ń kàwé mọ́jú torí rẹ̀, ìwé ò ní mú un fúyẹ́. Mú bébà kan, fa ìlà sí i láàárín. Gbogbo ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù, kọ ọ́ sí apá tó yẹ ẹ́. Má kọ "wọ́ọ̀dù". Kọ ohun tó wà nínú wọ́ọ̀dù náà gan-an tó ń bà ọ́ lẹ́rù.

Ní ti ohun tó ń rìn nínú orí, kì í ṣe ìwọ nìkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Makanjuola, oníṣègùn ọpọlọ tó padà di gíwá OAU, kọ̀wé lórí ọdẹ orí ní 1987. Àwọn aláìsàn Yorùbá ni: nǹkan ń rìn lórí, etí ń hó, àyà ń já, oorun ò wá. Àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn la máa ń bá nídìí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Wèrè kọ́. Ó sì ní ìtọ́jú.

Ìwọ̀n àníyàn kan wà tí à ń pè ní GAD-7, ìbéèrè méje lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, máàkì 0 sí 21. Bó bá dé 10, kí èèyàn jẹ́ kí onímọ̀ yẹ òun wò.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní sí ọ. O sọ nípa ìdánwò, o sọ nípa bàbá. Ṣé nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí tí o kò kọ síbí?

ede_road · Ìṣẹ́gun, 10:30 alẹ́

Ẹ ń sọ pé kó lọ bá onímọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ojúlùmọ̀ bá rí i ní kíníìkì ọpọlọ, ó ti parí. Wọ́n á ní wèrè fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Kó rọra máa farada á títí yóò fi jáde.

noosi_opolo · Ìṣẹ́gun, 10:41 alẹ́

Fáìlì aláìsàn kì í ṣe ìwé ìròyìn. Àwọn nọ́ọ̀sì, dókítà, olùkọ́, gbogbo wọn là ń rí ní kíníìkì wa, wọn kò sì pàdánù iṣẹ́. Bí kíníìkì bá ń bà á lẹ́rù, kó kọ́kọ́ bá olùkọ́ kan tó gbẹ́kẹ̀ lé sọ̀rọ̀, tàbí ẹ̀ka ìgbani-nímọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. "Farada á" ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí wọ́n gbé wá pẹ́.

iya_ibeji_ilesa · Ìṣẹ́gun, 10:58 alẹ́

Nọ́ọ̀sì ọpọlọ, o ṣeun. Àfikún díẹ̀ lórí máàkì yẹn. Ní Wesley Guild, ẹ̀yìn iṣẹ́ Dókítà David Morley la bá, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ káàdì ìwọ̀n ọmọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n kọ́ wa pé a kì í tìtorí ìwọ̀n ọjọ́ kan lọgun. Ibi tí ìlà ń kọrí sí là ń wò. Bí ọmọ yìí bá ṣe GAD-7 lónìí tó gba 11, kó tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kan.

noosi_opolo · Ìṣẹ́gun, 11:02 alẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń ronú láti ṣe ara rẹ̀ léṣe, kó má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì kankan. Ọjọ́ náà gan-an ni.

omo_lagere · Ọjọ́rú, 5:48 àárọ̀

Ẹ ṣeun. N kò ní ásímà. Mo ṣe GAD-7 náà, 15 ni.

Nọ́ọ̀sì ọpọlọ, ìbéèrè yín yẹn ni n kò lè sùn lé. Ìjẹta, Ọjọ́ Ajé, bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn kan. Ó fa ọwọ́ yọ lójijì, abẹ́rẹ́ náà gún mi níka, ó gba inú ìbọ̀wọ́ wọlé. Mo fún ẹ̀jẹ̀ ìka náà jáde dáadáa, mo sì da Jik sí i. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé yóò pa èèyàn, kí ló tún fẹ́ lọ sọ? N kò mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn náà.

noosi_opolo · Ọjọ́rú, 6:05 àárọ̀

Dìde. Gbé gbogbo ohun tí a ti ń sọ láti àná sílẹ̀ ná.

Oògùn wà tí wọ́n ń fún ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, kí kòkòrò HIV má baà ráyè. Láàárín wákàtí 72 ni wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ọ̀la Ọjọ́bọ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ni tìrẹ pé, ṣùgbọ́n má dúró de ọ̀la. Òwúrọ̀ yìí, lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó wọ́ọ̀dù náà, sọ pé "abẹ́rẹ́ gún mi ní Ọjọ́ Ajé." Kò yẹ kó gbọ́ ju gbólóhùn yẹn lọ kó tó mọ ohun tó máa ṣe. Bí o kò bá lè kojú rẹ̀, gba ẹ̀ka pàjáwìrì lọ tààrà. Wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ, wọn yóò wádìí ti aláìsàn náà, wọn yóò fún ọ ní oògùn ọjọ́ 28. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

iya_ibeji_ilesa · Ọjọ́rú, 6:11 àárọ̀

Ọmọ mi, lọ. Lọ báyìí báyìí. Pe ọ̀rẹ́ rẹ kan kó tẹ̀ lé ọ. Mo sọ lánàá pé kí o gbàgbé èébú. Èébú tó bá lè mú kí ọmọ fi abẹ́rẹ́ pamọ́ kì í ṣe ohun tí à ń gbàgbé. Ẹni tó sọ ọ́ ló yẹ kí wọ́n pè jókòó.

yara_eje · Ọjọ́rú, 6:40 àárọ̀

Inú láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Jẹ́ kí n tún nǹkan méjì ṣe torí àwọn tó máa ka èyí lẹ́yìn ọ̀la. A kì í fún ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gún. Fífún un ń da ẹran ibẹ̀ láàmú ni. A kì í sì í da Jik tàbí sípíríìtì tàbí epo tàbí ohunkóhun tó ń ta sí i. Omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni, ó tán.

Ní ti ẹ̀rù, kí a fi ojú iye wò ó. Bí aláìsàn náà bá tilẹ̀ ní HIV, ewu rẹ̀ láti ojú abẹ́rẹ́ jẹ́ bí 3 nínú 1000 láìtíì lo oògùn rárá. Hepatitis C kò ju bí 2 nínú 100 lọ. Èyí tí àwọn èèyàn kì í bẹ̀rù tó sì yẹ kí wọ́n bẹ̀rù ni hepatitis B: fún ẹni tí kò gba àjẹsára, ó lè tó 30 nínú 100. Àjẹsára rẹ̀ wà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni: òní, oṣù kan sí i, àti oṣù kẹfà. omo_lagere, ṣé o ti gbà á pé? Sọ fún wọn níbẹ̀ bóyá o gbà á tàbí o kò gbà á, nítorí bí o kò bá gbà á, nǹkan wà tí wọ́n á ṣe sí i lónìí náà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, a kì í dé abẹ́rẹ́ tí a ti lò padà o. Inú àpótí ni ó ń lọ tààrà. Kí àpótí náà sì wà nítòsí ọwọ́ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

adura_n_gba · Ọjọ́rú, 9:15 àárọ̀

Gbogbo èyí tí ẹ ń sọ dára, ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé nǹkan ń tẹ̀ lé ọmọ yìí? Ikú, èébú, abẹ́rẹ́, lẹ́sẹẹsẹ. Kí òun àti màmá rẹ̀ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta gbáko láìjẹ láìmu. Ohun tó bá rọ̀ mọ́ ọn á jábọ́.

iya_ibeji_ilesa · Ọjọ́rú, 9:32 àárọ̀

Èmi fúnra mi kì í pa òkè àdúrà jẹ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní aláìgbàgbọ́. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ òru, tí inú ń dà rú, tó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn ọjọ́ 28, kì í gba ààwẹ̀ aláìmumi. Kí màmá gbà á fún un. Ọlọ́run á gbọ́ tìyá. Nǹkan kò tẹ̀ lé e, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wọ̀. Kò sí èyí tí n kò rí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

moremi_girl · Ọjọ́rú, 1:20 ọ̀sán

Kò sí ẹni tó dá sí ọ̀rọ̀ obì àti kọfí. Caffeine ló wà nínú méjèèjì. Bí o bá mu kọfí ní aago mẹ́wàá alẹ́, ní bí aago mẹ́ta òru, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Kí ló sì ń ṣe? Àyà lílù, ọwọ́ gbígbọ̀n, inú dídà rú, àìsùn. Ẹ wo ohun tó kọ lókè pé ó ń ṣe òun láàárọ̀ wọ́ọ̀dù. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi ohun tó ń ṣe é wò ó!

Mo mọ̀ pé ní Moremi àti Mozambique, ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin OAU, ẹni tí kò bá ṣe TDB, ìyẹn ìwé kíkà mọ́jú, wọ́n á ní kò ṣe tán. Àwọn tí mo rí tí wọ́n ń ṣe é lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sùn nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ìṣirò oògùn kò fẹ́ òru. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́ ló fẹ́, láìwo ìwé. Iye tí wọ́n kọ, pín in sí iye tó wà, fi ìwọ̀n omi tó wà nínú rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Dókítà kọ mílígíráàmù 75, ìgò náà ní 100 nínú mílílítà 2: 75 sí 100, lọ́nà 2, mílílítà 1.5. Kí ẹnì kan máa pe iye fún ọ, kí ìwọ máa dáhùn sókè. Ohùn rẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, torí níwájú olùdánwò, ohùn ló kọ́kọ́ ń sá.

parakin_boy · Ọjọ́rú, 1:44 ọ̀sán

Gbogbo èèyàn kọ́ ló lè kàwé lójúmọmọ o. Èmi, ariwo ọ̀sán kì í jẹ́ kí ohunkóhun wọlé. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ń jí, lẹ́yìn tí mo bá ti sùn láti mẹ́wàá. Ìyẹn kì í ṣe TDB.

Nọ́ọ̀sì ọpọlọ, mo ti gbọ́ ti propranolol. Kí wá ni kí n lò?

noosi_opolo · Ọjọ́rú, 2:10 ọ̀sán

Èémí rẹ. Fà á sínú títí o fi ka mẹ́rin, tú u síta títí o fi ka mẹ́fà. Ìtúsíta gbọ́dọ̀ gùn ju ìfàsínú lọ, òun ló ń sọ fún ọkàn pé kó rọra. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Àṣìṣe tí àwọn èèyàn ń ṣe ni pé ẹnu ọ̀nà ìdánwò ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, wọ́n á wá ní kò ṣiṣẹ́. Máa ṣe é lójoojúmọ́ nígbà tí ara rẹ balẹ̀. Bí o bá ṣì rí i pé o nílò oògùn, kí dókítà yẹ̀ ọ́ wò kó sì kọ ọ́ fún ọ.

omo_lagere · Ọjọ́rú, 4:35 ìrọ̀lẹ́

Mo ti lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà náà kò pariwo rárá, òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ mi, mo ti lo oògùn àkọ́kọ́. Aláìsàn náà gbà kí wọ́n yẹ òun wò, èsì ò tíì jáde. Àjẹsára hepatitis B, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbà, wọ́n tún fún mi ní òmíràn lónìí. Èébì ń gbé mi díẹ̀.

moremi_girl · Ọjọ́rú, 4:41 ìrọ̀lẹ́

Ó ṣeun o! Lá Gestid díẹ̀, oògùn inú kíkan yẹn, inú á balẹ̀.

noosi_opolo · Ọjọ́rú, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Rárá o, ní sùúrù. Wo orúkọ tó wà lára oògùn rẹ. Bí dolutegravir, ọ̀kan lára oògùn HIV, bá wà nínú rẹ̀, Gestid àti irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá a pàdé, wọn kì í jẹ́ kí ara fà á mu. Kí oògùn rẹ ṣáájú pẹ̀lú wákàtí méjì, tàbí kó tẹ̀ lé e lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ náà, èyí tó ní irin, máa ń dí i lọ́wọ́. Jẹun kí o tó lò ó, èébì náà máa ń dín kù bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Má dá a dúró fúnra rẹ.

Mo yọ̀ gan-an ni.

okunrin_wodu · Ọjọ́rú, 9:26 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ ti dá sí ìṣirò, ẹ ti dá sí abẹ́rẹ́. Bàbá yẹn ńkọ́?

Wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ni mo wà, ikú kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Nílé wa, bí èèyàn bá kú, àwọn ará ilé ni à ń kí "ẹ kú ará fẹ́ra kù". Gbogbo àdúgbò á kí wọn. Nọ́ọ̀sì tó di ọwọ́ òkú mú, tó pa á lójú dé, tó wẹ̀ ẹ́, tó so ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ta ló ń kí i? Bẹ́ẹ̀dì kejì ni wọ́n ń rán an lọ. N kò sọ pé kí bẹ́ẹ̀dì kejì má rí ìtọ́jú o. Ẹni tó wà láàyè ló kọ́kọ́ ń béèrè. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá parí, ó yẹ kí ẹnì kan rántí.

Nígbà tí mo di ẹni tí wọ́n ń fi akẹ́kọ̀ọ́ sí lọ́wọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tọ́jú òkú fún ìgbà àkọ́kọ́, kò ní lọ sílé láìjẹ́ pé a jókòó. Mo máa ń kí i bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Màá ní kó sọ ohun tó rántí nípa ẹni náà fún mi, kì í ṣe àìsàn rẹ̀. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á sunkún. Ẹnì kan sọ fún mi pé òun ń bẹ̀rù pé òun ló pa á torí òun ló fún un ní oògùn alẹ́. A gbé fáìlì jáde, a jọ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá jókòó ni, irú ọ̀rọ̀ yẹn ì bá bá a lọ sílé.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní mo ń rọ akẹ́kọ̀ọ́ lójú, pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ yigbì. Mo ti bá àwọn tó yigbì ṣiṣẹ́. Àwọn ni wọ́n kì í dáhùn bí aláìsàn bá ń pè lóru.

omo_lagere, o kú ará fẹ́ra kù bàbá.

iya_ibeji_ilesa · Ọjọ́rú, 9:51 alẹ́

Ó pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tó kí mi bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ pé ẹni tó yigbì àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin, wọn kì í ṣe ẹnì kan náà. Mo fẹ́ kí wọ́n dúró ṣinṣin.

baba_akeko · Ọjọ́bọ̀, 7:10 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, oníṣòwò ni mí ní Iléṣà. Ọmọbìnrin mi ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Mo ka èyí lóru, ara mi bù máṣọ. Òótọ́ ni pé àwa òbí máa ń sọ pé "bó o bá ṣe tán, Lọ́ńdọ̀nù yá." Ní 2024 tí wọ́n ní nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ kí Nursing and Midwifery Council ti Nàìjíríà tó jẹ́rìí rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè mìíràn, èmi ni mo bínú jù nínú ilé. Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan. N kò tilẹ̀ bi í bóyá ó wù ú láti lọ.

Kí ni kí òbí máa ṣe? Mo máa ń pè é ní àárọ̀ gbogbo ọjọ́ ìdánwò, aago mẹ́fà, kí n lè gbàdúrà fún un.

moremi_girl · Ọjọ́bọ̀, 7:31 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ má bínú o, ìpè aago mẹ́fà yẹn, bàbá tèmi náà ń ṣe é. Àdúrà á bẹ̀rẹ̀, á kan àwọn ọ̀tá, á kan owó ilé ìwé tí wọ́n ti san, á kan ọmọ alábàágbé tó ti wà ní Kánádà. Bí a bá fi máa ṣe àmín, àyà mi ti ń já ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ gbàdúrà nílé, sà. Ẹ pè é ní ọjọ́ tí kò sí ìdánwò, kí ẹ bi í léèrè àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́.

baba_akeko · Ọjọ́bọ̀, 7:40 àárọ̀

Owó ilé ìwé yẹn, mo máa ń dárúkọ rẹ̀ lóòótọ́. Ó dáa. Bí n bá fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ńkọ́?

moremi_girl · Ọjọ́bọ̀, 7:42 àárọ̀

Ìyẹn dáa, sà. Kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ.